Ta ló máa gbin obì nígbà tí ìbọn ṣẹ̀ṣẹ̀ dákẹ́?

(Ọ̀rọ̀ tí mo sọ nìyí ní gbọ̀ngàn kékeré kan ní Òkè-Fìà, nílùú Òṣogbo, lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé. Àwọn tí ò ráyè wá ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fáwọn, mo wá kọ ọ́ bó ṣe jáde lẹ́nu mi, mi ò tún un ṣe púpọ̀.)

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa. Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn yẹn, ẹ máa bọ̀ níwájú, àga ṣì wà, tí jẹnẹrétọ̀ ilé kejì bá fi bẹ̀rẹ̀ ẹ ò ní gbọ́ ohùn mi mọ́.

Bọ̀ọ̀dá kan wà ládùúgbò wa ní Òkè-Baálẹ̀, sójà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, Bọ̀ọ̀dá ECOMOG la máa ń pè wọ́n torí wọ́n wà lára àwọn tí ìjọba wa kó lọ sí Làìbéríà nígbà tí ogun ń jà níbẹ̀, nínú ECOMOG, ẹgbẹ́ ọmọ ogun táwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà jọ kó jọ láti pẹ̀tù sí ogun náà. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo ń kọjá níwájú ilé wọn, NEPA ti mú iná lọ, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n gbé fóònù wọn ka orí ìkòkò kó máa tànmọ́lẹ̀, wọ́n ń bá ìyàwó wọn bó ẹ̀gúsí. Mo jókòó tì wọ́n, mo bu díẹ̀ sórí ẹsẹ̀, èmi náà ń bó o. Mo wá bi wọ́n pé Bọ̀ọ̀dá, nínú gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ lò lọ́hùn-ún, èwo ló le jù fún yín? Mo rò pé wọ́n máa dárúkọ ìjà kan fún mi. Wọ́n ní, "Tísà, ìgbà tí wọ́n ní ká má jà mọ́ ni."

Mo ní báwo? Wọ́n ní tí ogun bá ń lọ, o mọ̀ pé ẹni tó wà níwájú rẹ, ọ̀tá ni, kò sí àròjinlẹ̀ níbẹ̀. Àmọ́ tí wọ́n bá ti pe síìsì-fáyà, ọ̀tá yẹn náà á rìn wá síbi tẹ́ ẹ dúró sí, á tọrọ sìgá, á sọ orúkọ ọmọ ẹ̀ fún ẹ, ìwọ náà á sọ tìẹ, ẹ ó jọ rẹ́rìn-ín, tó bá di alẹ́ tó o bá gbé ìbọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ, o ò ní mọ̀ bóyá òun ló máa yìn ẹ́ lọ́la àbí ìwọ lo máa yìn ín. Wọ́n ní oorun ò wá rárá láwọn oṣù yẹn. Ìyàwó wọn tó ti ń gbọ́ ìtàn yìí láti ọjọ́ yìí wá ò tiẹ̀ gbójú sókè, wọ́n kàn ń bó ẹ̀gúsí wọn lọ.

Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi títí dòní. Tísà ìtàn ni mí, ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń kọ́ ọmọ, tá a bá ń kọ́ wọn ní ogun, a máa sọ ohun tó fà á, a máa sọ ẹni tó ṣẹ́gun, a máa kọ déètì tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé sójú pátákó, ó parí, ẹ ṣí ojú ìwé kejì. Bẹ́ẹ̀ àsìkò kan wà láàárín ọjọ́ tí ìbọn dákẹ́ àti ọjọ́ tọ́kàn àwọn èèyàn balẹ̀, àsìkò yẹn ò lórúkọ nínú ìwé tá a fi ń kọ́ ọmọ, ọdún àti ọdún ló sì lè gbà. Òun ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ nílé. Gbogbo yín lẹ ti gbọ́ nípa ogun Kírìjì. Ibi tí wọ́n ti jà á ò jìnnà síbi tá a jókòó sí yìí, tẹ́ ẹ bá wọ mọ́tò ní Old Garage, ẹ gba Ìkirun, ẹ forí lé Ìgbàjọ, ẹ ti dé ọ̀dọ̀ òkè tí Ìbàdàn pàgọ́ sí, tẹ́ ẹ bá wo iwájú, òkè tó dojú kọ yín lápá Ìmẹ̀sí-Ilé ni ti Èkìtìparapọ̀, àwọn tó para pọ̀ bá Ìbàdàn jà, àfonífojì ló wà láàárín wọn, odò tí wọ́n ń pè ní Fẹ̀jẹ̀bojú sì wà níbẹ̀. Ẹ gbọ́ orúkọ odò o. 1877 ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná láàárín Ìbàdàn àtàwọn Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú tí wọ́n ti ọ̀nà òkun mọ́ wọn, nígbà tó di 1878 Fábùnmi ní Òkèmẹ̀sí pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn, ìyẹn aṣojú tí Ìbàdàn fi síbẹ̀, Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà, Ìgbómìnà, gbogbo wọn dìde pọ̀. Wọ́n jà títí, ẹnì kan ò lè lé ẹnì kejì kúrò lórí òkè. Látòófà tó jẹ́ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò kú sínú àgọ́ ní 1885, kò fojú kan ilé mọ́.

Tí ogun bá ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, àgọ́ á di ìlú. Wọ́n mọ ilé, wọ́n ní ọjà, wọ́n dá oko sẹ́yìn àgọ́, àwọn obìnrin ń gbé oúnjẹ lọ gbé oúnjẹ bọ̀, àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ ti tó ọmọ tó ń sáré kiri, ilé bàbá wọn ní Ìbàdàn, ẹnu ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ. Ẹ bá mi fi ọkàn yàwòrán ọmọ ọdún méje kan tí kò mọ ìlú míì yàtọ̀ sí àgọ́ ogun.

Alááfìn Adéyẹmí kìíní ti kọ̀wé sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó láti 1881 pé kí wọ́n wá bá wọn là á. Ó di 1886 kí Gómìnà Moloney tó rán Samuel Johnson àti Charles Phillips, pásítọ̀ làwọn méjèèjì, ọmọ Yorùbá sì ni wọ́n, wọ́n ń lọ sókè wọ́n ń lọ sódò láàárín àgọ́ méjèèjì títí ọ̀rọ̀ fi wọlé. 23 September 1886 ni wọ́n kéde àlàáfíà lójú gbogbo ayé.

Ibí yìí làwọn ọmọ mi ní kíláàsì ti máa ń dá mi dúró. Wọ́n á ní, "Mà, ìwé yìí ní Kírìjì parí ní 1886, ìwé kejì ní 1893, èwo la máa kọ ní WAEC?" Mo máa ń sọ fún wọn pé ọdún méje ló wà láàárín déètì méjèèjì, èèyàn ẹlẹ́ran ara ló sì gbé inú ọdún méje yẹn, wọ́n jẹun níbẹ̀, wọ́n ṣègbéyàwó níbẹ̀, wọ́n sin òkú níbẹ̀. Ọmọ ogun Ìbàdàn kó kúrò lápá Ìgbàjọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn ò lọ sílé o, Ìkirun ni wọ́n dúró sí, torí Ìlọrin ń gbógun ti Ọ̀ffà, àdéhùn tí wọ́n ṣe ò sì pa iná yẹn. Ọ̀ffà bọ́ sọ́wọ́ Ìlọrin ní 1887. Ìgbà tí Gómìnà Carter gòkè wá ní 1893 làwọn tó wà ní Ìkirun tó di ẹrù wọn.

Ìkirun nìyẹn o! Ìkirun tá a máa ń lọ ra nǹkan tá a sì máa ń padà wálé kó tó di ọ̀sán.

Ẹ wá jẹ́ ká ro ti àgbẹ̀ kan tó ń gbé níbẹ̀ ní, ẹ jẹ́ ká sọ pé 1888. Wọ́n ti ní àlàáfíà ti dé, wọ́n ti lu agogo ẹ̀. Ó ní oko méjì, ọ̀kan ní etílé, ọ̀kan ní ẹgàn, ti ẹgàn yẹn ló lọ́ràá, ìrìn wákàtí mélòó kan ni, ó ní ahéré síbẹ̀ kógun tó dé. Ṣé á lọ? Ọmọ ogun tó wà ní ìlú rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń san owó oṣù fún wọn, ohun tí wọ́n bá rí kó lójú ogun ni wọ́n fi ń jẹun, ní báyìí tí wọ́n ní kí ogun dúró, ibo ni wọ́n á ti jẹun? Ojú ọ̀nà oko ni. Jíjí èèyàn gbé lójú ọ̀nà oko, kíkó iṣu tó wà lóko, iṣẹ́ àwọn ọmọ ogun nìyẹn tí kò bá ti sí ìjà gidi. Àgbẹ̀ yẹn ò ní lọ sí ẹgàn. Etílé náà lá máa tún ro, tá a tún ro, títí ilẹ̀ á fi ṣá.

Kí ló máa gbìn síbẹ̀? Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbé lọ sílé nìyí, ọ̀rọ̀ Bọ̀ọ̀dá ECOMOG ló là mí lójú sí i. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá àlàáfíà kan ti mú, ẹ má wo ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí, ẹ wo ohun táwọn èèyàn ń gbìn. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù ewédú lá gbìn, á gbin tẹ̀tẹ̀, á gbin ṣọkọ, ohun tí á já láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Tó bá nígboyà díẹ̀ á gbin àgbàdo, oṣù mẹ́ta ni. Iṣu wá jẹ́ ọ̀rọ̀ míì, iṣu á gbà tó oṣù mẹ́jọ mẹ́sàn-án, á gba ẹ̀bù, ẹ̀bù yẹn sì rèé, oúnjẹ ni, tó o bá ti ri í sínú ebè o ò lè jẹ ẹ́ mọ́, tógun bá wá bẹ́ padà kó o tó wú u, ẹlòmíì ló gbin iṣu fún. Ìyá tó di ẹ̀bù lọ́wọ́ tó ń wo ojú ọmọ tébi ń pa, ìpinnu tó ń ṣe yẹn ò kéré sí ti ọ̀gá ológun kankan. Obì ńkọ́? Ọdún márùn-ún, mẹ́fà, méje kó tó so. Ẹni tó bá gbin obì ti gbà gbọ́ pé òun àtọmọ òun á ṣì wà lórí ilẹ̀ yẹn.

Bọ̀ọ̀dá ní nígbà tí àwọn wà lápá Bushrod Island ní Monrovia, ewé ọ̀dùnkún àti ewé ẹ̀gẹ́ làwọn obìnrin ń gbìn sẹ́yìnkùlé, wọ́n fi ń se ọbẹ̀ jẹ ìrẹsì. Gbogbo ẹ̀yìnkùlé ló rí bẹ́ẹ̀. Ó wá ku ìyá kan, ọlọ́jọ́ lórí, ó lọ wá igi ọsàn kékeré kan wá láti ibì kan, ó gbin ín, ó fi agolo mílíìkì bu omi sí i láàárọ̀, ó sì yí páànù ògbólógbòó ká a káwọn ewúrẹ́ má bàa jẹ ẹ́. Àwọn sójà tó wà ní póòsì yẹn máa ń yà wò ó. Wọ́n ní àwọn máa ń sọ fún ara wọn pé ìyá yìí gbà pé ó ti parí. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ Benue, á máa bá a pọn omi.

Kí n sọ déètì díẹ̀ torí àwọn ọmọ ilé ìwé. Ogun Làìbéríà bẹ̀rẹ̀ ní 24 December 1989. ECOMOG gúnlẹ̀ sí Monrovia ní August 1990. Ní November ọdún yẹn ní Bamako, gbogbo wọn fọwọ́ sí i pé ìjà dúró, ó sì dúró díẹ̀, ó tó ọdún kan ààbọ̀ tó dà bí ẹni pé ó dúró. Ìjọba fìdí-hẹ-ẹ́ wà ní Monrovia tí ECOMOG ń ṣọ́, Charles Taylor, olórí àwọn ọlọ̀tẹ̀ tó dá ogun náà sílẹ̀, wà ní ìlú Gbarnga, ó di èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ yòókù mú. Orílẹ̀-èdè kan tó ti di méjì, láìsí pé ẹnikẹ́ni sọ bẹ́ẹ̀. Owó gan-an pín sí méjì. Ìjọba Monrovia tẹ owó tuntun tí wọ́n ń pè ní Liberty, àwọn tó wà lọ́dọ̀ Taylor ò gbà á, owó àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní JJ ni wọ́n ń ná. Ẹ bá mi wò ó, ìyá aláta kan fẹ́ lọ ra epo pupa lóko, ó dé ṣẹkì-póíǹtì, owó tó wà nídìí tòbí rẹ̀ di bébà lásán. Kì í ṣe pé ẹnì kan yìnbọn o. Síìsì-fáyà ni. Àmọ́ ọjà ò lè lọ, ọmọ tó wà lápá kejì ò lè rí ìyá rẹ̀, òǹtajà á ní láti wá ẹni tó máa bá a ṣẹ́ owó lójú ààlà, ẹni yẹn á gé tiẹ̀, àwọn tó wà ní ṣẹkì-póíǹtì náà á gé tiwọn.

Iná ńkọ́, omi ẹ̀rọ ńkọ́? Mount Coffee tó ń fún Monrovia níná bàjẹ́ nínú ogun ní 1990, ó di 2006 kí iná ìjọba tó tún tàn ní díẹ̀ lára ìlú. Ẹ ka ọdún náà. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí iná kú ti wọ sẹ́kọ́ńdírì kó tó rí gílóòbù ìjọba tó tàn lójú títì. Nígbà tí mo sọ èyí fáwọn ọmọ kíláàsì mi wọ́n kọ́kọ́ ń kùn pé ṣé tiwa náà ò lọ ni, àmọ́ nígbà tí mo ní kí wọ́n ṣírò ọjọ́ orí ara wọn sí i, wọ́n dákẹ́.

Ní 15 October 1992 ni Taylor kọlu Monrovia, ohun tí wọ́n pè ní Operation Octopus, síìsì-fáyà fọ́ pátápátá. Bọ̀ọ̀dá ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n kó àwọn kúrò ní póòsì yẹn, ìró ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, àwọn èèyàn ń ru ẹrù lọ. Ìyá ọlọ́sàn ò tíì lọ. Ó ń bomi rin igi rẹ̀. Ọmọ Benue yẹn sáré lọ bá a pé Mama, ẹ máa lọ, ìyá yẹn ní òun ń bọ̀, kí òun kọ́kọ́ parí èyí. Bọ̀ọ̀dá ò padà sí àdúgbò yẹn mọ́. Ẹ̀gúsí tó wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n kàn dì í mú ni.

Mo fẹ́ sọ díẹ̀ nípa sójà, torí ní ìlú wa tá a bá ń sọ̀rọ̀ ogun, àánú aráàlú la máa ń ṣe, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹni tó gbé ìbọn náà, èèyàn ló bí i. Iṣẹ́ sójà ní àkókò tí ìjà dúró ni kó dúró lójú kan. Á dúró nínú oòrùn, á dúró nínú òjò, á máa ka mọ́tò tó ń lọ, á máa tú ẹrù obìnrin tó gbé ẹ̀fọ́, ó mọ̀ pé ẹ̀fọ́ ni, ó gbọ́dọ̀ tú u náà torí ìjẹta wọ́n rí ọta ìbọn lábẹ́ ẹ̀fọ́ ẹlòmíì. Obìnrin yẹn á máa wò ó bí ẹni tó ń fìyà jẹ òun. Òun náà ti kúrò nílé ó ti pẹ́, lẹ́tà ò dé, owó ò dé lásìkò, ọmọ tó fi sílẹ̀ nínú oyún ti ń rìn. Ibí yìí ni ìwà ti máa ń bàjẹ́, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Àwọn ará Monrovia sọ ECOMOG ní orúkọ tó túmọ̀ sí pé gbogbo mọ́tò àti ohun tó ṣeé gbé ti lọ, torí pé àwọn kan lára ọmọ ogun kó ẹrù àwọn èèyàn. Mo bi Bọ̀ọ̀dá nípa èyí, wọn ò bínú, wọ́n ní òótọ́ ni, àwọn kan ṣe bẹ́ẹ̀, ojú sì ti àwọn tí ò ṣe é. Ohun tí mo rí nínú ẹ̀ ni pé ìbọn tí ò níṣẹ́ tí ò sì rí owó gbà, ojú ọ̀nà ló máa lọ, bóyá ní Ìkirun ní 1888 ni o, bóyá ní Monrovia ni.

Ògèdèǹgbé pàápàá, akọni Ìjẹ̀ṣà, ẹni tó kó Èkìtìparapọ̀ jà, ní 1894, lẹ́yìn tí gbogbo nǹkan yẹ kó ti parí, àwọn òyìnbó mú un torí ìdààmú táwọn ọmọ ogun ẹ̀ ń kó bá ìlú. Àwọn ọmọkùnrin yẹn ò mọ iṣẹ́ míì. Ta ló kọ́ wọn ní míì? Ogun ni wọ́n fi di ọkùnrin. Nígbà tó yá Ògèdèǹgbé padà, ó di Ọbáńlá Iléṣà, ó kú ní 1910, ìyẹn parí síbi tó dáa, àmọ́ ẹ ro ti ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí orúkọ wọn ò sí nínú ìwé kankan.

Ní ibí yìí ni Alhaji kan dìde láàárín èrò, wọ́n ní, "Tísà, ṣé ẹ máa fo ọ̀rọ̀ Modákẹ́kẹ́ ni?" Mi ò fẹ́ fò ó, mo kàn ń tọ́jú ẹnu mi ni, torí mo mọ̀ pé àwọn tọ̀tún tòsì ló jókòó síbí. Nínú àdéhùn 1886 yẹn, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí àwọn Modákẹ́kẹ́ kúrò níbi tí wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ilé-Ifẹ̀, kí wọ́n lọ tẹ̀dó sáàárín odò Ọ̀ṣun àti odò Ọbà. Wọ́n kọ ọ́, wọ́n fọwọ́ sí i, àwọn èèyàn ò lọ. Ó di 1909 kí wọ́n tó tú ìlú náà ká, nígbà tó yá àwọn èèyàn padà wá. Ìjà láàárín àwọn àti Ifẹ̀ tún bẹ́ ní 1981, ó bẹ́ ní 1983, ó bẹ́ ní 1997, ó sì ń rú títí di 2000. Àwọn àgbà ní oko kì í jẹ́ ti bàbá tọmọ kó má ní ààlà, ààlà yẹn gan-an ni ìwé 1886 gbé jù sílẹ̀ fún àwọn tí ò tíì sí láyé.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan tó jẹ́ tísà bíi tèmi, apá kan ni wọ́n ti bí i, apá kejì ló ti lọ́kọ. Láàárín àwọn ìjà 1997 àti 2000 yẹn, àwọn oṣù kan wà tí gbogbo nǹkan dákẹ́, wọ́n á ní ẹ máa bọ̀, ó ti tán, ẹ padà sílé yín. Ó padà. Ó sọ fún mi pé ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé kò tú ẹrù. Aṣọ wà nínú Ghana-must-go lẹ́bàá ilẹ̀kùn fún ọ̀pọ̀ oṣù, sátífíkéètì wọn wà nínú ọ̀rá, ọ̀rá wà nínú àpò tí ọmọ ń gbé lọ síléèwé. Ó máa mú aṣọ kan jáde láti inú báàgì, á fọ̀ ọ́, á lọ̀ ọ́, á dá a padà sínú báàgì. Ata tó ń rà, ó mọ ọ̀dọ̀ ẹni tó lè ti rà á. Ìyá tó bí i lọ́mọ ò jìnnà sí i ju ìrìn ìṣẹ́jú ogún lọ, ọ̀nà gbọọrọ yíká ló ń gbà lọ kí i, á kọ́kọ́ wọ mọ́tò jáde nílùú ni. Kò sí ìbọn tó ń dún ní gbogbo àsìkò yẹn. Tẹ́ ẹ bá bi ìjọba nígbà yẹn wọ́n á ní àlàáfíà wà.

Lónìí ẹ ń rí irú ẹ̀ lórí fóònù yín. Ní 27 November 2024 tí wọ́n ní ìjà dúró ní Lẹ́bánónì, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán táwọn èèyàn ti di mátíràsì sórí mọ́tò, wọ́n ti forí lé ọ̀nà gúúsù, wọ́n ní kí wọ́n ṣì dúró, wọn ò dúró. Mo wo fídíò yẹn léraléra. Mo mọ ohun tó ń sáré lé wọn. Èèyàn á fẹ́ mọ̀ bóyá ilé òun ṣì wà, kódà tó bá jẹ́ pé ògiri kan ló kù.

Ọmọbìnrin kan láti ẹ̀yìn wá béèrè pé kí ni aráàlú lè ṣe, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé àwọn ọ̀gá ló ń fọwọ́ sí ìwé. Ìbéèrè ẹ̀ wú mi lórí. Mo dá a lóhùn pẹ̀lú Làìbéríà náà. Àdéhùn tí wọ́n ṣe níbẹ̀ láti 1990 lé ní mẹ́wàá, Cotonou 1993, Abuja 1995, Abuja 1996, ìbò 1997 tí Taylor fi di ààrẹ, ogun tún padà. Ní 2003, àwọn obìnrin, Mùsùlùmí àti Kírísítẹ́nì, ìyá ẹlẹ́ja, ìyá aláta, wọ́n wọ aṣọ funfun, wọ́n lọ jókòó sí pápá kan lẹ́bàá ọjà ẹja ní Monrovia, nínú oòrùn, nínú òjò, lójoojúmọ́. Leymah Gbowee wà lára àwọn tó ṣáájú wọn. Nígbà tí ìpàdé wá ń fì sọ́tùn-ún fì sósì ní Ghana, àwọn kan nínú wọn lọ jókòó dí ẹnu ọ̀nà yàrá ìpàdé pé ẹnikẹ́ni ò ní jáde. 18 August 2003 ni wọ́n fọwọ́ sí i, ìyẹn ló sì mú. Lóòótọ́, àwọn sójà wa ti tún gúnlẹ̀ sí Monrovia ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù yẹn, Taylor sì ti fi orí oyè sílẹ̀, mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ rò pé jíjókòó nìkan ló ṣe é. Àmọ́ ọmọ mi, àwọn obìnrin yẹn ti mọ̀ tipẹ́ pé síìsì-fáyà tí wọ́n kàn fi lé sójà lọ́wọ́ kì í pẹ́, wọ́n ti rí i tó fọ́ lójú wọn lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, àwọn ló ń pọn omi, àwọn ló ń wá ìrẹsì, àwọn ló mọ ọ̀nà tó ti là àtèyí tí ò tíì là.

Kò sí àyè mọ́, wọ́n ti ń wo agogo fún mi, ìpàdé ẹlòmíì ń bọ̀ nínú gbọ̀ngàn yìí ní aago mẹ́rin. Àwọn tó fẹ́ bá wa lọ sí Ìgbàjọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé lóṣù tó ń bọ̀, ẹ kọ orúkọ yín sọ́dọ̀ akọ̀wé lẹ́nu ọ̀nà. Old Garage la ti máa gbéra ní aago méje àárọ̀, ẹ wọ bàtà tó dáa torí òkè la máa gùn, ẹ mú omi dání. Bọ̀ọ̀dá ECOMOG ní àwọn náà ń bọ̀, wọ́n ní àwọn fẹ́ fojú ara wọn rí bí àgọ́ méjèèjì ṣe súnmọ́ra tó.